Làdánì Tí Kò Ríran

 

Ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ló kàn lónìí: afọ́jú, arọ, adití àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi sààrì tí a jí jẹ lóru yìí. Ní Mọ̀dínà, láyé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Bilal ló máa ń kọ́kọ́ pe ìrun lóru. Ànábì ní bí ẹ bá gbọ́ ti Bilal, ẹ máa jẹ, ẹ máa mu, títí Ibn Umm Maktum yóò fi pe tirẹ̀. Afọ́jú sì ni Ibn Umm Maktum yìí! Ohùn afọ́jú ni gbogbo ìlú ń gbọ́ kí wọ́n tó gbé àwo sílẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, Àfáà, báwo ni afọ́jú ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Hádíìsì fi yé wa pé kì í pe ìrun àfi tí wọ́n bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìrànlọ́wọ́ tó nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ojú. Kódà tí Ànábì bá rin ìrìn-àjò, ó ti fi í sílẹ̀ rí pé kó máa ṣíwájú ìrun ní Mọ̀dínà.

Àwa ńkọ́? Ẹnu géètì mọ́sáláṣí la fi wọ́n sí, ibẹ̀ la ti ń na sàráà sí wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní mọ́sáláṣí kan tí mo ti ń ṣe wáàsí, arákùnrin kan máa ń wá lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ìta ló ti ń kírun Jímọ̀, torí àtẹ̀gùn márùn-ún ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo na owó sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Àfáà. Ṣùgbọ́n jàlàmíà tí ẹ wọ̀ yẹn, èmi ni mo rán an. Ọmọ yín ló gbé aṣọ rẹ̀ wá fún mi." Ojú tì mí! Télọ̀ ni, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀nà àbáwọlé ló ń wá, kì í ṣe owó mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fàájì. Nínú Súrà Núúrù, ẹsẹ 61, Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún afọ́jú, arọ àti aláìsàn láti bá àwọn ènìyàn jẹun nínú ilé. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ṣáájú Ìsìláàmù, àwọn kan kórìíra kí wọ́n bá wọn jẹun pọ̀. Ẹ wá wo wòlímọ̀ tiwa. A ó ta kánópì, a ó gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí afọ́jú àdúgbò nílé, a ó rò pé a ti ṣe dáadáa. Oúnjẹ dé, ṣùgbọ́n wákà tó fẹ́ gbọ́ àti ẹ̀fẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ló bá a gbé ìyẹn wá?

Òfin ìlú náà ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ó tún fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn tó wà ládùúgbò yín.

Ní mọ́sáláṣí yẹn, a pe bíríkìlà lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Sìmẹ́ńtì àpò mẹ́rin àti iyanrìn ló gbà. Nígbà tí Jímọ̀ kò, àwọn alàgbà kan ń kùn pé táyà yóò dọ̀tí ẹní. Télọ̀ náà ti mú àkísà tútù dání láti ilé, ó nu táyà rẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìlà kejì ló ti kírun.