Àpótí Páànù Ni Ó Gba Ìwé Timbuktu Là

Ọ̀rọ̀ ìwé pípamọ́ ni a mú wá lónìí.

Timbuktu ní ilẹ̀ Málì, ìlú ààfáà ni, ìlú ọjà sì ni. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, al-Hasan al-Wazzan, arìnrìn-àjò tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Leo Africanus, sọ pé èrè orí ìwé níbẹ̀ ju ti ọjà yòókù lọ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ni ó ní ìwé àfọwọ́kọ tí a jogún.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn jagunjagun gba ìlú náà. Wọ́n ní ẹ̀sìn ni àwọn ń jà fún, síbẹ̀ wọ́n wó ibojì àwọn wòlíì. Ẹ̀rù ba àwọn olùtọ́jú ìwé pé ìwé ni ó kàn. Abdel Kader Haidara, ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ìwé ìdílé lé lọ́wọ́, kó ènìyàn jọ. Wọn kò gbé ìbọn. Àpótí páànù ni wọ́n rà lọ́jà, wọ́n ń di ìwé sínú rẹ̀ lóru, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń fà á lọ sí ilé ẹni tí ó lè pa àṣírí mọ́. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú Odò Ọya kó wọn lọ, títí wọ́n fi dé Bamako, ìrìn bí 600 máìlì. Àwọn olùtọ́jú náà ní ó lé ní 300,000 ìwé. Nígbà tí àwọn jagunjagun ń sá lọ ní oṣù kìíní 2013, nǹkan bí 4,000 ìwé ni wọ́n sun tàbí tí wọ́n kó lọ ní ilé ìtọ́jú ìwé tí a fi orúkọ Ahmad Baba pè. Èyí tí ó wà nínú àpótí ti bọ́.

Ta ni Ahmad Baba? Àgbà ààfáà Timbuktu ni. Àwọn ọmọ ogun Mòrókò gba ìlú ní 1591, wọ́n mú un nígbèkùn lọ sí Marrakesh, wọ́n sì kó ìwé rẹ̀. Ó padà sílé. Ní 1615 ó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, orúkọ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, lára ibi tí ó pẹ́ jù tí a ti rí orúkọ náà nínú ìwé. Kò yìn wá o. Ó kà wá mọ́ àwọn tí kò tíì gba ẹ̀sìn, tí a lè mú lẹ́rú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti sun ún nítorí pé kò dùn mọ́ ọn, kí ni à bá fi mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa wa? Ẹni tí ó sun ìwé, ẹlẹ́rìí ni ó pa.

Ẹ jẹ́ kí a bojú wo ilé. Bí ààfáà àgbà bá kú, a ó pín ilé, a ó pín owó, ìwé rẹ̀ a di oúnjẹ ikán. Ogun kò jà, iná kò jó, ìwé sì ti lọ. Ní 1964 Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó ìwé Lárúbáwá sílẹ̀. Nígbà náà, wọ́n máa ń ya àwòrán ìwé tí a bá yá wọn, wọ́n á sì dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.

Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ìwé tí ó wà ní mọ́sáláṣí àti ní ilé àwọn ààfáà sílẹ̀. Kí oníṣòwò kan fi àpótí páànù kan ta ìjọ rẹ̀ lọ́rẹ. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni pé kí ó kà. Bí a kò bá pa ìwé mọ́, kí ni ọmọ wa yóò kà?

Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.