Láti Orí Ìbéèrè àti Èsì dé Orí Ìtàkùrọ̀sọ: Àlàyé lórí Ìbánisọ̀rọ̀ Ojú-ẹsẹ̀ Láàrin Ojú-ìwé Ayélujára àti Sáfà

Ìfáàrà

Ní oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pààrọ̀ àwọn owó náírà kan, owó bébà di ọ̀wọ́n gógó káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní àdúgbò bí i Okota, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó, fífi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù ni ó kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oníbàárà á fi owó ránṣẹ́, á sì dúró. Olùtajà náà á dúró, nítorí pé kò tí ì rí ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ báńkì ni ọ̀pọ̀ ìdádúró ti ń wá. Síbẹ̀, bí owó bá ti wọlé tí ojú-ìwé tí ó wà níwájú olùtajà kò sì sọ ọ́, olóòótọ́ ènìyàn á dà bí gbájúẹ̀. Bí ojú-ìwé ṣe lè gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lójú-ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lé lórí.

Lílé àti Gbígbè

Tim Berners-Lee ni ó gbé ìmọ̀ràn ìtàkùn àgbáyé kalẹ̀ ní CERN ní ọdún 1989. Ìlànà HTTP tí ìtàkùn náà ń lò dà bí orin alélégbè: ojú-ìwé ni ó ń lé, sáfà ni ó ń gbè. Bí ojú-ìwé kò bá béèrè, sáfà kò gbọdọ̀ fọhùn, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé owó ti dé.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ dá ni pé kí ojú-ìwé máa béèrè lemọ́lemọ́. Ká ní igba ṣọ́ọ̀bù ń béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún, ìbéèrè 2,400 ni sáfà yóò dáhùn ní ìṣẹ́jú kan, "kò tí ì dé" ni yóò sì jẹ́ èsì èyí tí ó pọ̀ jù. Ọgbọ́n kejì ni pé kí sáfà di ìbéèrè mú títí ìròyìn yóò fi wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dáhùn tán, ojú-ìwé gbọ́dọ̀ tún béèrè.

Àgò Onílé

Ní oṣù kejìlá ọdún 2011 ni IETF fi ìlànà WebSocket léde nínú ìwé RFC 6455. Bí àlejò ṣe ń wọlé ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú-ìwé á kàn ilẹ̀kùn pẹ̀lú HTTP, á ní, "Àgò o". Bí sáfà bá gbà, á fi nọ́ńbà 101 dáhùn, ìyẹn ni "àgò yà". Láti ìgbà náà, ọ̀nà wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sì lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Sáfà á ní, "Owó ti wọlé". Olùtajà á ní, "Mo ti fún un ní ọjà", kí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù má baà fún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá jẹ́ pé sáfà nìkan ni ó ní ọ̀rọ̀ í sọ, Server-Sent Events tí ó rọrùn jù ú lọ ti tó.

Fífi í Kún Iṣẹ́ tí ó ti Wà

Kò pọn dandan kí a wó ilé àtijọ́. Ìforúkọsílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ọjà lè dúró sórí HTTP. Ìròyìn tí kò lè dúró nìkan ni kí ó gba ọ̀nà tuntun. Django Channels wà fún àwọn tí ń lo Django, SignalR wà fún ASP.NET, Socket.IO sì wà fún àwọn tí ń fi JavaScript kọ iṣẹ́ sórí sáfà. Ètò mẹ́ta ṣe pàtàkì:

(i) Kí sáfà mọ ẹni tí ó kàn ilẹ̀kùn kí ó tó ṣí i, kí ọ̀rọ̀ sì gba ọ̀nà wss tí a fi àṣírí bò.

(ii) Kí sáfà kọ ìròyìn owó sílẹ̀ kí ó tó kéde rẹ̀.

(iii) Bí sáfà bá ju ẹyọ kan lọ, kí alárinà bí i Redis máa gbé ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Nígbà tí Ọ̀nà bá Já

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já láìsọ tẹ́lẹ̀, ohun tí sáfà bá sì sọ lásìkò náà kò ní dé etí olùtajà. Nítorí èyí, sáfà máa ń fi "ping" ṣe bí ẹni tó ń béèrè bóyá ẹnìkejì ṣì wà níbẹ̀, "pong" sì ni ìdáhùn. Ó tún yẹ kí ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ojú-ìwé bá padà dé tí ó sọ pé 17 ni òun gbọ́ kẹ́yìn, sáfà á fún un ní 18 títí dé èyí tí ó kàn án.

Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ lílé àti gbígbè, tí ó sì mọ bí Yorùbá ṣe ń kágò. Olùkọ́ lè gba ibẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé láti fi kún un pé ìkéde kì í ṣe ẹ̀rí: àkọsílẹ̀ ni ẹ̀rí, òun sì ni yóò dá oníbàárà tí ó ti sanwó láre.