Wáyà Tó Wálẹ̀ Ló Ń Pariwo: Bí Kernel Linux Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ẹ̀rọ Ń Pè É

Fi ìka kan ojú fóònù Android rẹ. Kí o tó gbé ìka kúrò, àwòrán ti sún. IC kékeré kan tó wà nídìí skírìn ló rí ìka yẹn, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tó lè fi sọ ọ́. Wáyà kan ṣoṣo ló lè fi ké. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fólìtì 1.8 ló máa ń wà lórí wáyà náà nígbà tí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀. Bí ìka bá ti kan skírìn, IC á fa wáyà náà walẹ̀ sí òdo. Igbe rẹ̀ nìyẹn. Ọpọlọ fóònù á dá iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró, á lọ béèrè ohun tó dé, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Interrupt ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe igbe yìí. Èmi á máa pè é ní ìpè. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kò ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: kernel, ìyẹn ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú Linux àti Android, tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà, báwo ló ṣe mọ̀ pé wíwálẹ̀ wáyà ni igbe, pé gígòkè rẹ̀ kọ́? Nọ́ńbà kan ni wọ́n fi ń sọ fún un. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì, ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù kankan lè yadi, tàbí kó máa da ọpọlọ kọ̀ǹpútà láàmú débi pé kò ní ráyè ṣe nǹkan mìíràn.

Kí ìpè tó wà, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń yọjú wo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò léraléra láti wò bóyá omi ti hó. DYSEAC, tí National Bureau of Standards ní Amẹ́ríkà kọ́ ní 1954, wà lára àwọn kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ gbà kí ẹ̀rọ ké sí òun. Ní Netherlands, Edsger Dijkstra kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1959 lórí kọ̀ǹpútà X1 àti bí ó ṣe ń dáhùn ìpè. Ọ̀rọ̀ náà ba ọkùnrin yìí lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà á lẹ́rù. Ìgbà tí ìpè máa dé kò sí lọ́wọ́ ẹni tó kọ ètò. Àṣìṣe tó bá gba ojú rẹ̀ wọlé lè hàn lónìí, kó má tún hàn mọ́ fún odidi oṣù kan.

Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé òdo ni igbe. Ẹ wo okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọwọ́ kankan kò bá kàn án, òkè ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí agogo dún á fà á walẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta lè dúró ti okùn kan ṣoṣo, èyíkéyìí nínú wọn lè fà á, agogo á dún, kò sì ní sí ìjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà ìpè rí. Resistor kan ló gbé e dúró sókè, ẹ̀rọ tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ á fà á walẹ̀, ẹ̀rọ mélòó kan sì lè jọ lo wáyà kan. Bí ẹ̀rọ kan bá ń ti wáyà sókè nígbà tí èkejì ń fà á walẹ̀, iná á gba inú àwọn méjèèjì kọjá, wọ́n lè jóná.

Ìdí kan wà tó ti pẹ́ jù ìyẹn lọ. Àwọn IC ìdílé 7400, tí Texas Instruments gbé jáde ní àwọn ọdún 1960, mọ wáyà fà walẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tì sókè lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìjáde wọn bá wà nísàlẹ̀, ó lè gba mílíàmpíà 16 wọlé. Nígbà tó bá wà lókè, mílíàmpíà 0.4 péré ló lè tì jáde. Ìlọ́po ogójì ni ìyàtọ̀ náà. Ibi tí agbára wà ni àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù nígbà náà fi igbe sí, àṣà yẹn kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Wáyà ìpè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti PCI, láti INTA dé INTD, òdo ni igbe wọn. Nínú ìwé àlàyé IC, ilà tín-ín-rín tí wọ́n fà sórí orúkọ ẹsẹ̀ kan, tàbí lẹ́tà n tí wọ́n fi ṣáájú rẹ̀, bíi nRESET, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ojú sì máa ń fo ilà yẹn dá.

Ipò nìkan kọ́ ni kernel ní láti mọ̀. Gbogbo wa la mọ igbe “Up NEPA!” Kété tí iná bá dé ni àwọn ọmọdé ń pa á, ó sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn lákòókò náà kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gílóòbù yàrá rẹ̀ ṣì ń tàn, ìgbàkígbà tó bá lajú ló máa rí i. Oríṣi ìpè méjì tó wà nìyẹn. Kernel lè máa tẹ́tí sí ìyípadà, ìyẹn ìgbà tí wáyà ń gòkè tàbí tó ń wálẹ̀. Ó sì lè máa wo ibi tí wáyà wà. Nínú Linux, 1 dúró fún gígòkè, 2 fún wíwálẹ̀, 4 fún wíwà lókè, 8 fún wíwà nísàlẹ̀.

Mo ti jìyà nọ́ńbà wọ̀nyí. Bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń lo Linux ni mo so skírìn mọ́, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì tó ń ṣàpèjúwe bọ́ọ̀dù náà pé òdo ni igbe skírìn. Mo tan án. Skírìn ń fi àwòrán hàn dáadáa, àmọ́ kò mọ̀ pé ìka kan òun. Mo tẹ cat /proc/interrupts, àṣẹ tó ń ka iye ìpè tó ti wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ilà ti skírìn: 0. Mo gbá skírìn ní ìka bí ìgbà mẹ́wàá, mo tún un tẹ̀. 0.

Mo wá gbé míta lé wáyà. Kí n tó fọwọ́ kan skírìn, ó kà á sí fólìtì 3.3. Mo fọwọ́ kàn án, ó já sí òdo. Mo gbé ọwọ́ kúrò, òdo náà ni. Mo dúró títí, kò padà sókè. IC skírìn ti ké, ó sì di okùn rẹ̀ mú sísàlẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa wá bi í pé kí ló dé. Kò sẹ́ni tó wá.

Mo ronú pé ìyípadà ni kernel ń retí tí kò rí, pé kí n jẹ́ kó máa wo ipò. Mo fi 4 sí i. Mo tan bọ́ọ̀dù, ó ń lọ́ tìkọ̀. Mo tún tẹ àṣẹ yẹn: 100,000 gééré, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ fún kernel pé òkè ni igbe, òkè sì ni wáyà náà máa ń wà nígbà tí ara tù ú. Kernel gbọ́ ìpè, ó rán dráífà, ìyẹn apá kernel tó mọ èdè skírìn náà, pé kó lọ wò ó. Dráífà béèrè, IC ní òun kọ́. Wáyà ṣì wà lókè, ìpè tún dé, dráífà tún lọ.

Àwọn tó kọ Linux ti rí irú wàhálà yìí tẹ́lẹ̀. Kernel máa ń ka ìpè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́. Bí ó bá ti ka 100,000 ìpè, tó sì rí i pé èyí tí kò ní olúwa lé ní 99,900, á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé “nobody cared”, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, á sì ti wáyà náà pa. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá jọ ń lo wáyà yẹn á yadi pẹ̀lú rẹ̀. Ìdájọ́ tó le ni, mo sì fara mọ́ ọn, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn títí wọ́n á fi pa á.

Níbo ni àṣìṣe mi wà? Èmi sáà ti kọ ọ́ pé òdo ni igbe. Orúkọ tí mo lò ni GPIO_ACTIVE_LOW, ó sì túmọ̀ sí ohun tí mo ní lọ́kàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ IC lásán ni wọ́n ṣe orúkọ yẹn fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpè, nọ́ńbà tó sì dúró fún ni 1. Níbi tí mo kọ ọ́ sí, nọ́ńbà ìpè ni kernel ń retí, 1 níbẹ̀ sì ni gígòkè. Èmi sọ pé ìsàlẹ̀, kernel gbọ́ òkè. Ètò tó ń yí fáìlì náà padà fún kernel kò rí orúkọ, nọ́ńbà ló rí, 1 sì tọ̀nà lójú rẹ̀. Nítorí náà kò ké gbàjarè.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ti ṣubú síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àṣìṣe yìí kan náà fi wà nínú fáìlì àpèjúwe ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó wà nínú Linux fúnra rẹ̀. Ní 2020, àwọn olùtọ́jú kernel gbá ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣàtúnṣe ìpè IC tó ń darí iná lórí àwọn bọ́ọ̀dù Exynos, tí ìwé àlàyé rẹ̀ sọ pé òdo ni igbe rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni pé àwọn IC kan kì í di okùn mú. Wọ́n á fà á walẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń padà sókè, kernel tó ń retí gígòkè á gbọ́ ọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ta ló máa tú ohun tó ń ṣiṣẹ́ wò?

Kí ló dé tí wọn ò kúkú kọ nọ́ńbà yìí sínú dráífà, kó sì tán síbẹ̀? Torí pé IC kan náà lè wà lórí bọ́ọ̀dù ọgọ́rùn-ún. Lórí ọ̀kan, wáyà rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ ọpọlọ. Lórí òmíràn, ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù ti fi transistor kan sáàárín, igbe tó kúrò nísàlẹ̀ ti dé lókè. Dráífà kò lè mọ̀, ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí fáìlì àpèjúwe bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń pè ní device tree, fi wà, tí ìdílé ARM sì gbà á lẹ́yìn tí Linus Torvalds fi ẹ̀hónú hàn ní 2011 lórí bí kóòdù bọ́ọ̀dù ARM ṣe ń kún inú kernel.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ RESET tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ yìí ni dráífà fi ń tún IC bẹ̀rẹ̀, òdo sì ni igbe rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ IC. Láyé àtijọ́, dráífà á kàn fi òdo sórí wáyà tààrà. Fáìlì bọ́ọ̀dù lè sọ pé òkè ni igbe, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kà á, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Linux 3.13, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2014, gbé ọ̀nà tuntun kan wá tí wọ́n ń pè ní gpiod. Dráífà á sọ pé “tún un bẹ̀rẹ̀”, kernel fúnra rẹ̀ á wo fáìlì kó tó mọ̀ bóyá òkè tàbí ìsàlẹ̀ ni. Ọ̀nà tó mọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá yí dráífà àtijọ́ kan sí i, irọ́ inú fáìlì á jí. IC á wà nínú RESET títí, bọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún á kú.

Wọn kò sì lè kàn tún fáìlì ṣe kí wọ́n máa lọ, torí fáìlì àtijọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ tó ti dọ́wọ́ oníbàárà, Linux sì ti ṣèlérí pé kernel tuntun kò gbọ́dọ̀ ba irú wọn jẹ́. Lónìí, àtòkọ kan wà nínú kernel tó dárúkọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń yí ọ̀rọ̀ wọn sódì kó lè tọ́. Mo ti ka àtòkọ náà. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà tó kọ nọ́ńbà kan, tó rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ dáhùn, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìwo ohun tí wáyà ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń so bọ́ọ̀dù pọ̀ nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé àlàyé IC, ẹ wá ilà tín-ín-rín tó wà lórí orúkọ ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé míta lé wáyà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí ẹ bá tẹ cat /proc/interrupts tí ẹ bá ilà kan tó dúró sí 100,000 tí kò mì mọ́, ẹ má tíì tú IC, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ló ṣì. Lórí bọ́ọ̀dù tèmi, 8 ni. Mo kọ ọ́, mo tan án, mo fi ìka kan skírìn lẹ́ẹ̀kan, ilà náà kúrò ní 0.