Ọ̀sẹ̀ Kan ní Ìrókò: Kí Lẹ Lè Fi Ìsinmi Yín Ṣe Lábúlé?

 

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Tí mo bá lọ lo ìsinmi lábúlé, kí ni mo fẹ́ máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa, òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé wa délé. A dé láàárọ̀ Sátidé, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò, ó di Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ Faransé, àwọn ará ìlú ńlá ń sanwó láti lọ sùn lóko olóko. Láti ọdún 1955 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Gîtes de France ti ń ṣètò ilé tí àlejò lè háyà lọ́dọ̀ àwọn ará oko níbẹ̀. Àwa ní ilé baba wa lọ́fẹ̀ẹ́, a ò sùn níbẹ̀ rí.

Ìrókò la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lójú ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ reluwé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, kó sọ̀ ní Mọ́níyà. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba ṣí i, ojú irin náà sì gùn tó kìlómítà 157. Ní Mọ́níyà, ẹ wọ mọ́tò Fìdítì tàbí Ọ̀yọ́, ẹ ní kí wọ́n já yín sílẹ̀ ní Ìrókò. Ẹ gba owó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Mọ́níyà o, ẹ má gbójú lé POS abúlé.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ bá wọn lọ sóko. Tí ẹ bá bá àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kí i pé, "Àroko bọ́dún dé o." Ìkíni yẹn nìkan ti sọ yín di ọmọ ilé. Àsìkò tí ẹ bá lọ ló máa sọ ohun tí ẹ máa bá. Ní ìgbà òjò, àgbàdo tútù wà, ìgbín sì ń jáde lálẹ́ fún ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì àti sùúrù. Tó bá di oṣù Kẹjọ, iṣu tuntun dé. Oṣù Kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń ká kòkó jù, àgbálùmọ̀ á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kejì: ẹ lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹ má kàn ya fọ́tò. Ẹ gba ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ bá àwọn ìyá bó ẹ̀gẹ́. Ẹ ó rí i pé gbogbo wàhálà yẹn nídìí. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Bí wọ́n ṣe ń rìn ín, májèlé yẹn ń tú. Bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù, tó ń kan nínú àpò fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí wọ́n sì ń yan án lórí iná, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Gàrí tó bá sì pẹ́ jù nínú àpò ló máa ń kan jù.

Ohun kẹta: tí ẹ bá fẹ́ràn ẹyẹ àti igbó, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ò jìnnà, ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé náà ló wà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tó héktà 1,000. Igbó tí wọ́n dá sí níbẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí èèyàn ti lè rí ẹyẹ Ibadan malimbe, ẹyẹ dúdú olórí pupa tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo àgbáyé. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ.

Ohun kẹrin ni mo tìtorí ẹ̀ ṣe ètò yìí, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, mo jókòó níwájú ilé, mò ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bàbá àgbà mi mú àdá jáde, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dìde, jẹ́ ká lọ wo ààlà." Mo rò pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. A rìn fún wákàtí méjì gbáko.

Pẹ̀rẹ́gún làwọn baba wa fi ń sàmì sí ààlà, torí pé kì í tètè kú. Tí ẹ bá bẹ́ ẹ, á tún hù. Bàbá ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ni oko òdìkejì. Níbì kan, wọ́n dúró. Wọ́n ní pẹ̀rẹ́gún méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan ló sì kù. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o rí èkejì? Àbí ojú mi ni?"

Kì í ṣe ojú wọn. Ẹnì kan ti hú u, blọ́ọ̀kù sì ti wà nítòsí ibẹ̀.

Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nínú gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ wọn, kò sẹ́ni tó mọ ààlà yẹn tán. Ọdọọdún la sì ń lọ jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lo fóònù yín. Ẹ ti wa máàpù àdúgbò náà sórí fóònù ní Mọ́níyà, torí GPS ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Níbi pẹ̀rẹ́gún kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì sórí máàpù, ẹ ya fọ́tò, ẹ sì gba ohùn àgbà sílẹ̀ bó ṣe ń dárúkọ ará òdìkejì. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí WhatsApp ẹbí. Kò lè rọ́pò ìwé ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn ilẹ̀ gan-an, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Níbo ni ààlà yín wà?"

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ ra búrẹ́dì dání. Ẹ kọ́kọ́ kí àgbà ilé kẹ́ ẹ tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń cháàjì fóònù. Tí bàbá tàbí ìyá yín àgbà bá ṣì lágbára láti rìn, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ó dìgbà kan ná o.