Ohun Tó Mú Kí Ọṣẹ Dúdú Máa Rọ̀
Àwọn kan gbà pé bí ọṣẹ dúdú ṣe máa ń rọ̀ lọ́wọ́, tí kò le bíi ti ilé iṣẹ́, àléébù àwọn tó ń sè é ni. Èrò yẹn kò tọ̀nà. Rírọ̀ ọṣẹ tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba ní Ìbàdàn, iṣẹ́ pòtáṣíọ̀mù ni. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn ní èròjà yìí nínú. Bó ṣe ń rún díẹ̀díẹ̀ ni gbòǹgbò igi ń fà á mu, igi kòkó sì ń kó púpọ̀ rẹ̀ sínú èèpo èso rẹ̀. Bí wọ́n bá sun èèpo náà, pòtáṣíọ̀mù á ṣẹ́kù sínú eérú. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá gbé omi eérú náà kaná pẹ̀lú àdín. Sódà ni ilé iṣẹ́ ń lò ní tiwọn, sódíọ̀mù inú rẹ̀ ló sì ń mú ọṣẹ le.

Ẹnìkan lè takò pé: ṣebí pòtáṣíọ̀mù máa ń gbiná bó bá kan omi, báwo ló ṣe wà nínú ọṣẹ tí a fi ń wẹ ọmọ? Òótọ́ ni pé ó ń gbiná. Humphry Davy ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1807, nígbà tó fi iná mànàmáná la pọ́táṣì tó ti yọ́ kọjá. Ọ̀bẹ lásán lè gé e, ó fúyẹ́ ju omi lọ, inú epo ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó wà lóde ara rẹ̀ ló ń fa gbogbo wàhálà yìí, nítorí kíákíá ló máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í rí i lóun nìkan nínú àpáta, nínú òkun, tàbí nínú ilẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà tí wọ́n ti ń wa á fún ajílẹ̀. Èyí tó wà nínú eérú àti ọṣẹ ti jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn tipẹ́, kò sì ní ohun tí yóò bá omi jà lé lórí mọ́. Irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ: omi eérú a máa bó ara. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá pọ̀ ju ohun tí àdín lè gbà, tàbí tí ọṣẹ kò jinná. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn òṣùwọ̀n àti sísè nìyẹn; ọṣẹ tó le pàápàá yóò ta ni lára bí sódà rẹ̀ bá pọ̀jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọṣẹ dúdú, ẹ má fi líle díwọ̀n rẹ̀. Bó bá le gbagidi, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ bóyá eérú ló lò tàbí sódà.