Ẹ Jẹ́ Kí A Jẹ Oúnjẹ Ilẹ̀ Wa

Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wo?

Ìyá kan ru igbá ẹ̀wà méjì lọ sí ọjà Kétu. Ó tà á tán. Ó fi owó rẹ̀ ra búrẹ́dì àti ṣúgà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rò pé òun ra ohun tí ó dára jù. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó tà dára ju ohun tí ó rà lọ.

Oríṣìí oúnjẹ mẹ́ta ni ara ń fẹ́.
Èkíní ń fún wa ní agbára: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́.
Èkejì ń mú ara dàgbà: ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹyin, ẹja, ẹran.
Ẹ̀kẹta ń dáàbò bo ara: ẹ̀fọ́, èso, epo pupa.
Gbogbo wọn wà ní oko wa àti ní ọjà wa, láti Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Àjàṣẹ́.

Búrẹ́dì àti ṣúgà ń fún ọmọ ní agbára, ṣùgbọ́n wọn kò tó láti mú un dàgbà dáadáa. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá sí Kútọnu. Nígbà tí ogun ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ukraine ní ọdún 2022, àlìkámà wọ́n ní gbogbo ayé. Búrẹ́dì sì gbówó lórí ní ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ aládùúgbò yín, owó yín kò kúrò ní ìlú. Òun náà yóò fi ra ọkọ́, yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ kíyè sí ọmọ kékeré. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan kò tó fún un mọ́. Ògì lásán kò tó pẹ̀lú. Ẹ máa fún un ní ọmú, kí ẹ sì po ẹ̀wà tí a sè tí a lọ̀ kúnná, tàbí ẹ̀pà lílọ̀, mọ́ ògì rẹ̀. Ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i. Ọmọ tí ń mu ògì lásán lè yó, kí ó sì máa rù.

Ẹ rántí:
– Ẹ má ṣe yọ́ epo pupa títí yóò fi funfun. Ohun tí ó dára fún ojú nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́.
– Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e. Ẹ má ṣe sè é pẹ́ jù.
– Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó bá bu, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má ṣe tà á. Oró lè wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó ru ẹ̀wà lọ sí ọjà, ẹ kọ́kọ́ yọ ti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ìbéèrè
1. Oríṣìí oúnjẹ mẹ́ta wo ni ara ń fẹ́?
2. Kí ni a lè pò mọ́ ògì ọmọ?
3. Kí ni ẹ tà ní ọjà tí ó kọjá? Kí ni ẹ rà bọ̀ wá sílé?