Wọ́n fẹ́ẹ́ lu ọmọ ọlọ́mọ pa nítorí aago: Píìnì kékeré ló fa gbogbo wàhálà o!

Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn dáńfó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ì bá ti dójú ẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Marina, l'Ékòó, ló wọkọ̀ ní Òṣòdì. Aago tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe aago olówó ńlá rárá. Seiko 5 àtijọ́ ni, ọ̀tòmátíìkì, èyí tí bàbá ẹ̀ lò títí tó fi dágbére fáyé. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, ilé kan àwọn ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ kan àwọn ìyàwó, aago yìí nìkan ló kan òun. Ẹ̀yin náà rí i pé kì í ṣe nǹkan téèyàn lè fojú di.

Bí mọ́tò ṣe ń wọ Ọbáléńdé ni bàbá yìí ní kí òun wo aago mélòó ló lù, àfi bó ṣe rí i pé ọwọ́ òun ti ṣófo. Kò wo ẹ̀yìn wò, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ló bá ki ọmọkùnrin tó jókòó tì í mọ́lẹ̀ níbi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. "Olè! Aago mi dà?" Ọmọ náà ń búra, àmọ́ ta ló fẹ́ẹ́ gbọ́? Kó tó bọ́ sílẹ̀, èrò ti yí mọ́tò ká. Ẹnì kan ti fọ́ ọ létí, òmíràn ti ń béèrè táyà. Ìgbà yẹn ni ìyá tó wà lẹ́yìn figbe ta: "Ẹ fọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o! Aago rèé lábẹ́ ẹsẹ̀ mi!"

Nígbà tí wọ́n yẹ aago náà wò, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò dúró rárá. Okùn ẹ̀ tó jẹ́ awọ ni òógùn ti jẹ, tí píìnì tó so ó mọ́ aago náà sì ti dípẹtà, ló bá fò yọ lápá kan. Ojú gba bàbá náà tì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó lè bí, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo irú aago bẹ́ẹ̀ ni kì í wo ibi tí okùn ẹ̀ dé. Bí wọ́n bá fẹ́ẹ́ ra aago, orúkọ tó wà lójú ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Okùn ńkọ́? Èyí tó bá ti bá a wá náà ti tó. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Aago tí kì í jẹ bátìrì

Kí ló wá dé táwọn èèyàn fi fẹ́ràn aago ọ̀tòmátíìkì? Kì í lo bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni kò dìgbà téèyàn bá ń ká a láràárọ̀. Irin kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá ló wà nínú ẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti ń lọ tó ń bọ̀, irin náà á máa yí bírí bírí, yíyí yìí ló sì ń ká sípíríǹgì tó ń fún aago lágbára. John Harwood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń tún aago ṣe, ló gbàwé ẹ̀tọ́ lórí irú aago ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní Switzerland lọ́dún 1924.

Ọdún 1963 ni iléeṣẹ́ Seiko ní Japan gbé Seiko 5 jáde. Àwọn kan rò pé nọ́ńbà lásán ni 5 tí wọ́n kọ sójú ẹ̀. Irọ́ o! Nǹkan márùn-ún ló dúró fún: ó ń ká ara ẹ̀, ọjọ́ àti déètì wà lójú fèrèsé kan ṣoṣo, ó lè gba omi díẹ̀ sára, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí i fara pamọ́ sí ibi nọ́ńbà 4, ara aago àti ṣéènì ẹ̀ sì lágbára. Ẹ wo ìkarùn-ún yẹn dáadáa. Àwọn tó ṣe aago náà fúnra wọn ka okùn ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń yangàn.

Irú okùn wo ló yẹ ẹ́?

Kẹ́ ẹ tó ra okùn tuntun, ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín etí aago méjèèjì, níbi tí okùn ń wọ̀. Mílímítà ni wọ́n fi ń kà á. Ọ̀pọ̀ Seiko 5 kékeré àtijọ́ jẹ́ 18, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńlá tó jáde láti ọdún 2019 sì jẹ́ 22. Bí okùn bá tóbi jù, á ká kò. Bó bá kéré jù, á máa rìn sọ́tùn-ún sósì lórí píìnì, bí píìnì ṣe ń jẹ nìyẹn.

Awọ ló gbayì jù lọ. Bó bá bá aṣọ òkè tàbí kóòtù pàdé, kò sírú ẹ̀. Àmọ́ awọ kò fẹ́ràn òógùn, kò sì fẹ́ràn omi. Ẹni tó bá ń rìn nínú oòrùn lójoojúmọ́, tó ń rọ̀ mọ́ irin mọ́tò, á rí i pé awọ náà á dúdú, á máa rùn, lẹ́yìn náà á sán. Bí ọyẹ́ bá tún dé, á gbẹ pàkọ̀. Òde àti ilé ìjọsìn ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn, ẹ má jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Ṣéènì kò bìkítà fún òógùn. Ó dáa fún iṣẹ́, ó dáa fún òde. Àléébù ẹ̀ ni pé ìdọ̀tí máa ń há sáàárín ẹ̀, á sì máa yí funfun ṣẹ́ẹ̀tì padà. Búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ àti omi ọṣẹ díẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára aago. Bó bá fẹ̀, ẹ ní kí alágo yọ ẹyọ díẹ̀ kúrò. Ṣéènì tó ń jó lọ́wọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí máa ń fìyà jẹ píìnì.

Rọ́bà ni tẹni tó ń fọwọ́ kan omi: oníṣẹ́ ilé oúnjẹ, ẹni tó ń fọ mọ́tò, ẹni tó ń gun ọ̀kadà nínú òjò. Ẹ fi omi ṣàn án lálẹ́, nítorí òógùn máa ń dúró sábẹ́ ẹ̀, á sì máa yún èèyàn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí ni náílọ́ọ̀nù. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní irú èyí tí wọ́n fàṣẹ sí láti ọdún 1973. Okùn kan ṣoṣo ló ń gba abẹ́ aago kọjá, láàárín píìnì méjèèjì àti ara aago. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bí píìnì kan bá fò yọ, èkejì ṣì di aago mú, kò ní í já bọ́. Ká ní irú okùn yẹn ló wà lọ́wọ́ bàbá Ọbáléńdé ni, kò sẹ́ni tó máa gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. Ó ń ṣeé fọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó sì ń tètè gbẹ. Àmọ́ ká má parọ́, kò bá agbádá lọ. Ẹni tó bá lágbára okùn méjì, kó fi náílọ́ọ̀nù lọ síbi iṣẹ́, kó fi awọ lọ sóde.

Píìnì ńkọ́? Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ okùn, ẹ pààrọ̀ píìnì náà. Owó ẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ ẹ bá fi í sí i tán, ẹ fa okùn náà wò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ o, á fò sí yín lójú, á sì ha aago lára. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Aago tó ń kú lọ́jọ́ Àìkú

Ọ̀pọ̀ máa ń gbé aago tó yè kooro lọ sọ́dọ̀ alágo. Wọ́n bọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti dúró. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, ebi ló ń pa á! Bó bá yó dáadáa, nǹkan bíi wákàtí 40 ló ń lò. Ẹni tó bọ́ ọ ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa kú. Ẹni tó bá wá gbójú lé e láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ẹ̀ lá á bá a sọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì 7S26 tí Seiko bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1996 kò ṣeé fi bọ́tìnnì ká. Ẹ kàn máa mì í sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4R36, tó wà nínú àwọn tó jáde ní 2019, ṣeé ká pẹ̀lú ọwọ́. Ìwé iléeṣẹ́ náà sọ pé 4R36 yìí lè fi ìṣẹ́jú àáyá 45 yá tàbí kó fi 35 falẹ̀ lójúmọ́. Nítorí náà, ẹ máa tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má bínú sí i.

Ẹ má yí déètì láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí. Àsìkò yẹn ni àwọn eyín inú ẹ̀ ń gbé déètì kọjá, wọ́n lè ṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé mítà 30, ti òjò wẹ́wẹ́ àti omi ìfọwọ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti odò. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ṣe àlùwàlá, kó bọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gúnyán náà, kó bọ́ ọ. Ẹ má sì gbé e lé orí sípíkà, torí òòfà inú ẹ̀ lè mú kí aago máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń kun aago lọ́dà

Àwọn kan wà tó ń kó Seiko 5 àtijọ́ jọ, wọ́n á tún ojú ẹ̀ kùn, wọ́n á fi ẹ̀yà ara aago mẹ́ta ṣe ẹyọ kan, wọ́n á ní tuntun ni. Ẹ wo lẹ́tà ojú ẹ̀ bóyá ó rí wúruwùru. Ẹ yí ọjọ́ àti déètì wò bóyá ó ń wọlé dáadáa. Ẹ wo ọwọ́ tó ń ka àáyá: ti ọ̀pọ̀ Seiko 5 máa ń rìn ní ìgbésẹ̀ 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi pé ó ń yọ̀. Bó bá ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ "tá, tá, tá", bátìrì ló wà níkùn ẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sójú ẹ̀.

Ní ti bàbá Ọbáléńdé, aago bàbá ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, náílọ́ọ̀nù dúdú ló wà nídìí ẹ̀ báyìí. Àmọ́ ìtìjú ọjọ́ náà, kò sí okùn tó lè so ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fa okùn aago yín wò lónìí, kó tó di pé ẹ ń fa ọmọ ọlọ́mọ láṣọ.